Bàtà Inú Fíríìjì

Ramúramù ni àwọn aládùúgbò ń pe ọkùnrin náà. Fíríìjì ló ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Orin ni. Dẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlì (death metal) ni àwọn òyìnbó ń pe irú orin tó ń ṣe. Gìtá á máa dún bí irin tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ìlù á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, olórin ò sì ní í kọrin rárá. Bíbú ló máa bú, bíi kìnnìún.

Inú ilé ló ti ń gbà á sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gẹrun ti lu ìlù sílẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ sì ti ta gìtá. Orin kan ṣoṣo ló kù, ohùn nìkan ni ò sì tíì sí lórí ẹ̀. Yàrá tó ti ń gbà á ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, ìyá ìyàwó ń bọ̀ wá bá wọn gbé, ọjọ́ náà gan-an ló sì ń dé.

"Ramúramù, mò ń lọ mú màmá mi ní ibùdókọ̀ o," ni ìyàwó wí. "Tí mo bá dé, ibùsùn ni mo fẹ́ bá nínú yàrá yẹn. Mi ò fẹ́ bá wáyà."

"Wàá bá ibùsùn."

"Bẹ́ẹ̀ náà lo wí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ó jáde. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ramúramù gbé fóòmù dí fèrèsé. Ó kọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sára ògiri. Ó pa fáànù, ó yọ bátìrì aago ara ògiri nítorí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ fa wáyà fíríìjì yọ, torí kíkùn ẹ̀ máa ń gba ara ògiri wọnú máìkì.

Ó wá ti ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan bọnú fíríìjì náà, ó sì ní ìdí. Ó ti fa wáyà yìí rí, ó gbàgbé, gbogbo ẹja inú ẹ̀ rà. Atúnfíríìjìṣe tó jẹ́ kí ẹja rà nínú fíríìjì ara ẹ̀! Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí. Látìgbà náà ló ti rí ọgbọ́n bàtà dá. Kò ní í lè jáde láìwá bàtà, kò sì ní í lè mú bàtà láìrántí wáyà. Kò kàn sọ fẹ́nikẹ́ni ni.

Ó dúró síwájú máìkì, ó bú. Alùpùpù kan kọjá lóde, ó bà á jẹ́. Ó tún bú. Ọmọ aládùúgbò figbe ta. Ó jókòó, ó dìde, ó mumi, ó ń wo fèrèsé tí fóòmù dí bí ẹni pé ó lè rí ojú títì. Ọ̀fun ti ń ta á. Ó ń yí yàrá ká bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí.

Lẹ́yìn náà ló wá bọ́ sí i. Ohùn náà ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, ó nípọn, ó mi àyà ẹni tó ni ín. Ó mọ̀ pé òun ti rí i mú.

Ìyá Ramúramù, tó ń gbé pẹ̀lú wọn, wà nílé ìdáná. Bíbú yìí ti mọ́ ìyá létí, omi ló ń wá. Ó ṣí fíríìjì. Bàtà! Ẹsẹ̀ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin.

"Ó parí," ni ìyá wí jẹ́jẹ́. "Orin ti gba orí ọmọ mi."

Ó nu bàtà, ó gbé e ti èkejì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i pé iná inú fíríìjì ò tàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fíríìjì mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ramúramù bú tán, ó gbọ́ ohun tó gbà. Láàárín orin, hùùùù. Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń fi etí wá kiri lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́ náà ni. Ó já jáde.

"Màámi! Ta ló tan fíríìjì?"

"Èmi ni. Ta ló fi bàtà sí i?"

"Èmi ni!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti bàtà."

"Ẹ ti bà á jẹ́, Màámi. Mi ò bú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi."

"Omi ni mo wá mu, mo bá bàtà. Ṣé kí n wọ̀ ọ́ ni?"

Ó sọ ìdí bàtà fún un. Ohùn rẹ̀ ti ń há. "Wọ́n máa tó dé. Tí màmá ìyàwó mi bá lọ, ọmọ ló máa gba yàrá yẹn. Ibo ni mo tún fẹ́ rí?"

Ìyá wò ó. "Orin yẹn ò wù mí o. Ó dà bí ẹni tí inú ń run. Ṣùgbọ́n má fi í sílẹ̀ láàbọ̀." Ó fa wáyà yọ, ó dì í mú, ó fìdí kalẹ̀ sórí àpótí. "Wọlé. Èmi ni bàtà ẹ báyìí. Má sì bú bí ẹni tí ò jẹun."

Ramúramù ti bú dé àárín orin nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí. Ìyàwó ló wọlé, màmá rẹ̀ wà lẹ́yìn tòun ti báàgì. Ìyá na wáyà sókè, ó fi ìka lé ẹnu.

"Ta ni wọ́n ń pa?" ni ìyá ìyàwó bi wọ́n lóhùn ìsàlẹ̀.

"Ọkọ ọmọ yín ni," ni ìyá dáhùn. "Ó ń ṣiṣẹ́."

Ìyàwó fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ orin yìí láti ẹ̀yìn ògiri títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀. "Ó ku bíbú ẹyọ kan," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹyọ kan náà sì jáde. Inú ilé pa lọ́lọ́.

Ramúramù jáde, òógùn ti bò ó. Ó rí àna rẹ̀, ó tẹríba, ó lanu láti kí wọn. Afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde.

"Ẹ má bínú," ni ìyá wí. "Ó ti ná ìkíni yín sórí orin."

Ramúramù ò dúró gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó já fóòmù lójú fèrèsé, ó tẹ́ ibùsùn, ó kó wáyà rẹ̀. Ìyá ìyàwó jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi tútù. Ìyá ṣí fíríìjì, inú ẹ̀ ṣókùnkùn. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Wáyà ṣì wà níbẹ̀.

"Bàtà sàn jù mí lọ," ló wí.

Ramúramù ò gbọ́. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ̀ǹpútà lórí apá, ó ti fi ohun tó fi ń gbọ́ orin sétí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró sójú kan. Ó gbọ́ ọ dópin, kò sí kíkùn kankan níbẹ̀. Ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún ń gbọ́ ọ.