Ẹ Fi Òkú Ṣe Ènì

Ní ọdún 2006, nígbà tí wọ́n gbé fíìmù tuntun kan wá sí gbọ̀ngàn kan ní Itamaga ní Ìkòròdú, ni Súbérù Adéòjó dìde láàárín èrò, tó ní òkú ni kí wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ dá lọ́lá. Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ìtàn yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa ń sọ ọ́ jù. Ní ti Rọ̀kíbátù ìyàwó rẹ̀, ó wà níbẹ̀. Òun ló jókòó tì í, òun náà ló sì kọ́kọ́ fi ìborùn bojú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Wọ́n ti wo fíìmù náà tán. Olówó kan ló kú nínú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀, àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́ta sì ń jà du ilé lórí òkú rẹ̀ títí fíìmù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọláwuyì, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò náà, gbé bébà àti bírò jáde. Ó ní àwọn tó ń fún òṣèré ní àmì-ẹ̀yẹ ńlá ti ń gba orúkọ, ẹgbẹ́ sì fẹ́ mọ ẹni tó yẹ lójú àwọn òǹwòran. Ó ní orúkọ márùn-ún péré ni àyè wà fún.

"Jọláolúwa!" ni àwọn obìnrin pariwo. Jọláolúwa ló ṣe ìyáálé nínú fíìmù náà, ó sì sunkún débi pé tìróò ojú rẹ̀ ṣàn dé àgbọ̀n. "Dámiláre!" ni àwọn ọ̀dọ́ ké. Dámiláre ló ṣe àkọ́bí olóògbé. Ọmọkùnrin náà rẹwà, ó sì mọ ilẹ̀kùn gbá. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe pé márùn-ún. Ọláwuyì ti ń dé bírò rẹ̀ nígbà tí Súbérù nàró.

"Akọ̀wé, ẹ gbàgbé ẹnì kan."

"Ta ni, Bàbá?"

"Òkú."

"Òkú wo?"

"Òkú inú fíìmù tí a wò tán yìí ńkọ́? Ta ló pẹ́ lójú fíìmù tó o? Gbogbo yín ń wo Jọláolúwa, èmi ń wo òkú ní tèmi. Eṣinṣin bà lé e nímú. Ó rìn lọ sí ètè. Ó tún padà sí imú. Ọkùnrin yẹn ò mira! Ẹ̀yin rèé, ẹ̀fọn kan ṣoṣo wọ gbọ̀ngàn yìí, gbogbo yín ti gbá ara yín létí tán."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Mojúbàolú dìde. Òṣìṣẹ́ báńkì ni, ilé rẹ̀ wà ní ẹ́sítéètì kan ní Ìkòròdú, ojoojúmọ́ ló ń lọ síṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, táì kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Sátidé.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, nomination yìí, serious matter ni. Òkú ò kí ń ṣe acting. Ó kàn lie down ni."

"Ṣé ìwọ náà lè lie down?"

"Sà?"

"Dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn ká wò ó."

Mojúbàolú wo ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ó wo sòkòtò funfun tó wọ̀, ó sì jókòó jẹ́jẹ́.

Ọláwuyì wá ń bẹ Súbérù pé kó má bínú, àyè ti tán, márùn-ún ni wọ́n ní kí òun mú wá. Ìgbà yẹn ni bàbá náà sọ ọ̀rọ̀ tó sọ ọ́ di olórúkọ.

"Tí ẹ bá ra ẹja márùn-ún lọ́wọ́ ìyàwó mi yìí l'Ọ́jà Olúwo, ṣé márùn-ún péré lẹ máa gbé lọ? Ṣé ẹ ò ní gba ènì ni? Ẹ kọ márùn-ún yín. Ẹ fi òkú ṣe ènì."

Ta ló fẹ́ bá ènì jà láàárín àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú? Ẹni tó bá ní òun ò ní fi ènì sí ọjà, ahun ni wọn ó pè é. Ọláwuyì nu òógùn, ó tún bírò ṣí. Ó béèrè orúkọ òkú náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ orúkọ awakọ̀ àti ti alásè sí ìparí fíìmù náà, ti òkú nìkan ni wọn ò kọ. Bí orúkọ ṣe lọ láti Itamaga sọ́dọ̀ àwọn àgbààgbà àmì-ẹ̀yẹ nìyẹn: èèyàn márùn-ún, àti òkú kan.

Wọn ò gbọ́ nǹkan kan padà títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé ni ìjà gidi ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Yasir, ẹ dójú tì mí lónìí," ni Rọ̀kíbátù wí bí wọ́n ṣe ń padà sí Ẹ̀pẹ́.

"Ṣé ìwọ náà ò rí eṣinṣin yẹn ni?"

"Mo rí i. Èèyàn dùbúlẹ̀, kí ló tún kù? Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe òkú."

Súbérù wò ó bí ẹni pé ó bú bàbá òun.

Iṣẹ́ Súbérù ni kó máa ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja orí ọ̀sà, iṣẹ́ Rọ̀kíbátù ni kó yan án, kó sì tà á. Ìbá dára bí kálukú bá dúró sẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Súbérù bá ti gúnlẹ̀ tán, àtẹ ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kọrí sí, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ìrọ̀rùn ra ẹja lójú rẹ̀.

"Èló ni ọ̀bọ̀kún yìí?" ni oníbàárà á béèrè.

"Kó o tó mọ iye ẹ̀, ta lo rò pé àmì-ẹ̀yẹ tọ́ sí lọ́dún yìí?"

"Jọláolúwa ni mo fẹ́ràn, Bàbá. Ẹkún ẹ̀ máa ń wọ̀ mí lára."

"Àlùbọ́sà ni. Gbé ọ̀bọ̀kún yẹn sílẹ̀, ó ti lólówó."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá, òkú ni! Òkú ló tọ́ sí!"

"Rọ̀kí, bá a mú èyí tó tóbi. Fi ṣawá ṣe ènì fún un."

Kò pẹ́ tí gbogbo Ọjà Olúwo fi dìbò fún òkú. Mojúbàolú pàápàá, tó máa ń wa mọ́tò wá ra ẹja láti Ìkòròdú, kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìbò kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ká má parọ́, ṣawá ni wọ́n dìbò fún, Súbérù náà sì mọ̀. "Ìbò ṣawá lèyí," ni ó máa ń wí bí wọ́n bá ń palẹ̀ àtẹ mọ́. "Tìẹ nìkan ni mò ń wá, Rọ̀kí." Rọ̀kíbátù á ní ti òun kì í ṣe títà.

Nígbà tó rí i pé ẹnu ò ká ìyàwó òun, ó wá ẹlẹ́rìí lọ. Ó ti gbọ́ pé ará Agbówà ni ọkùnrin tó ṣe òkú náà. Ó fi ìwé sìmẹ́ńtì wé ọ̀bọ̀kún yíyan tó tóbi jù lórí àtẹ, ó wọkọ̀ lọ sí Agbówà, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá rí pé níbo ni òkú ń gbé. Èèyàn méjì sá fún un. Ẹnì kẹta ló mú un lọ sóko ẹ̀gẹ́ kan, níbi tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oríyọmí ti ń roko.

"Ṣé ìwọ ni òkú?"

Oríyọmí ju ọkọ́ sílẹ̀. "Bàbá, mo ṣì wà láàyè o! Kí ni mo ṣe?"

Ìgbà tí wọ́n la ọ̀rọ̀ náà yé ara wọn tán ni ara rẹ̀ tó balẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dé Ẹ̀pẹ́, nítorí Súbérù ní kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Rọ̀kíbátù. Wọ́n fún un lága tó dára jù ní pálọ̀.

"Wí fún un," ni Súbérù wí. "Báwo lo ṣe ṣe é tí eṣinṣin fi ń rìn lójú ẹ tó ò mira?"

Oríyọmí dorí kodò. "Ẹ má bínú, sà. Mo ti roko láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kí n tó lọ. Bí wọ́n ṣe ní kí n dùbúlẹ̀ báyìí, oorun gbé mi lọ. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ kó bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jí mi."

Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi fẹ́ tú. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Súbérù gbójú sókè, ó ń wo àjà. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀.

"Ìyàwó mẹ́ta ń pariwo lé e lórí. Dámiláre ń gbá ilẹ̀kùn. Wọ́n tan iná sí i lójú gbòò. Ó sì sùn! Rọ̀kí, ìwọ tó jẹ́ pé eku kan ò lè rìn lájà kó o má jí mi! Ẹ̀bùn Ọlọ́run nìyí, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́!" Ó mú ẹja kejì fún Oríyọmí, ó fi ṣe ènì sórí èyí tó gbé lọ fún un ní Agbówà. Láti ọjọ́ náà ni Oríyọmí ti di ọmọ ilé. Kì í wá lọ́wọ́ òfo, gààrí Agbówà ló máa ń gbé wá.

Rọ̀kíbátù kò yí ohùn padà. Ó ní bí nǹkan náà bá ṣòro tó bẹ́ẹ̀, kí ọkọ òun dùbúlẹ̀ kí òun rí i. Súbérù tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na gbọọrọ, ó pajú dé. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Rọ̀kíbátù ti fi òróró ẹja ra á nímú bó ṣe ń bá a tún ìrọ̀rí ṣe. Eṣinṣin ò sì wọ́n nílé ẹlẹ́ja. Ọ̀kan bà, ó ń rìn. Imú Súbérù bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì ń gbọ̀n. Ó rọ́jú, ó rọ́jú, àfi "Háàtíṣìì!" Òkú ti dìde jókòó.

"Ẹ ti fìdí rẹmi," ni Rọ̀kíbátù wí.

"Èmi kẹ̀? Mo ti borí! Ṣé o wá rí i pé kò rọrùn?"

Láti ìgbà náà, bó bá ti kírun Alásàrí tán, á lọ na sórí ẹní láti dán an wò. Kò yege rí lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yẹn ló máa ń dà á.

Ọjọ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ kó bá wọn. Bàbá àgbàlagbà kan kú ládùúgbò, wọ́n lọ kí àwọn ẹbí. Súbérù tẹ̀ ba lórí olóògbé, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó rò pé òun rọra sọ ọ́ ni, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ: "Èyí dáa gan-an."

Àwọn ọmọ olóògbé ti ń ká apá aṣọ sókè kí Rọ̀kíbátù tó fà á jáde. Lọ́jọ́ kejì, Rọ̀kíbátù gbé ẹja, ó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ opó olóògbé náà. Nígbà tí ó ṣàlàyé tán, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rín látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní kí wọ́n má bínú sí àwọn ọmọ, lójú tòun náà, bàbá wọn ṣe é dáadáa.

Nígbà tó di ọdún 2009, àìsàn dá Súbérù dúró. Mímí ń nira fún un. Ó ṣíwọ́ ọ̀sà, ó ṣíwọ́ ọjà, ṣùgbọ́n kò ṣíwọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Rọ̀kí, ìbò mi dà?"

"Ẹ mu ẹ̀kọ yìí ná."

"Tí mo bá mu ún, ṣé wàá dìbò?"

"Ẹ kọ́kọ́ mu ún. Ẹ̀yìn ẹ̀ la máa dúnàádúrà."

Á rẹ́rìn-ín, á mu díẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba ìyàwó òun. Rọ̀kíbátù mọ irú èèyàn tí ọkọ rẹ̀ jẹ́. Súbérù kò kúrò nídìí àríyànjiyàn rí láìjẹ́ pé ó borí. Ó lè jẹ́ kí ọkọ̀ fi òun sílẹ̀, ó lè jẹ́ kí oúnjẹ tutù, àfi bí ẹni tí wọ́n jọ ń jiyàn bá tó gbà. Bí òun bá wá gbà fún un báyìí, kí ló tún kù tó ń dúró dè? Ìdí nìyẹn tó fi di ìbò náà mọ́wọ́. Bí ó bá dalẹ́, Rọ̀kíbátù á yíjú sí ògiri, á sunkún díẹ̀, á tún nu ojú.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Súbérù lọ, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, láìgba ìbò.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀, wọ́n ń retí àwọn àáfà tí yóò wẹ̀ ẹ́. Rọ̀kíbátù jókòó tì í bó ṣe jókòó tì í ní Itamaga lọ́jọ́sí, abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ iná ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oríyọmí ti dé láti Agbówà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ni eṣinṣin kan bá wọlé.

Ó bà lé Súbérù nímú. Rọ̀kíbátù gbé abẹ̀bẹ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Eṣinṣin náà rìn lọ sí ètè. Ó padà sí imú. Rọ̀kíbátù tẹjú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọlọ́run ló mọ̀ bó ṣe ń retí kó gbọ̀n, bó ṣe ń fi gbogbo ara gbàdúrà pé kí ọkọ òun sín lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ò mì.

Ó gbọ́ ìró ẹkún lẹ́yìn rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Oríyọmí ni, ọkùnrin tí eṣinṣin rìn lójú rẹ̀ tí kò mira. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ò ṣeé pa dé. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Rọ̀kíbátù láìròtẹ́lẹ̀, omijé sì tẹ̀ lé e, kì í ṣe ti àlùbọ́sà.

"Bàbá Yasir," ni ó wí, "kò rọrùn. Mo gbà. Ẹ̀yin ni mo dìbò fún."

Eṣinṣin náà ṣì wà nímú bàbá. Ó yẹ kó ti lé e. Ṣùgbọ́n ó fi ìgbà díẹ̀ sí i ṣe ènì fún ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó gbé abẹ̀bẹ̀, tó rọra fẹ́ ẹ lọ.