Ta Ló Máa Sọ fún Dírẹ́bà Kó Dúró?

“Ìyá Mọ́ríámọ̀, ẹ má jẹ́ kó fi òùngbẹ pa ara rẹ̀ mọ́ o.” Ìkìlọ̀ tí nọ́ọ̀sì ṣe fún mi ní ọsibítù kan ní Fate, nílùú Ìlọrin, nìyẹn, òun ló jẹ́ kí n kọ èyí. Àpò ìtọ̀ Mọ́ríámọ̀, ọmọ mi àgbà, máa ń fún pọ̀ kó tó kún, ìtọ̀ á sì máa gbọ̀n ọ́n lójijì. Ló bá pa omi mímu tì. Orí ń fọ́ ọ, kì í rí ìgbẹ́ yà dáadáa, kì í sùn tó, ìtọ̀ tó ki sì ń ta àpò náà sí i.

Lẹ́yìn ìrun àsúbàá la wọ mọ́tò ní Ṣàngó ní Ìlọrin, à ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Jẹ̀bbá. Oògùn dókítà wà nínú báàgì mi, ìró kejì wà níbẹ̀, ike omi wà lọ́wọ́ Mọ́ríámọ̀. Títì dán títí a fi jáde nílùú. Lẹ́yìn náà, kòtò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa sókè sódò. Mo yẹ ike wò: omi rẹ̀ kò dín.

“Mu díẹ̀.”

“Mọ́mì, ta ló máa sọ fún dírẹ́bà kó dúró? Ọkùnrin ló kún inú mọ́tò.”

Nígbà tí a dé Bódè Sáàdú, òòyì ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí; mo mọ̀ pé kò ní mu omi àfi bí mọ́tò bá dúró. Mo ké: “Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi fẹ́ tọ̀!” Mọ́ríámọ̀ fi ìbòrí bojú.

Dírẹ́bà yà sí ilé epo kan. Kí ọmọ mi tó sọ̀kalẹ̀, alùáájì tó jókòó níwájú ti ṣílẹ̀kùn, ó ń sáré. Ìyá arúgbó ẹ̀yìn wa ní, “Ẹ yà fún mi o!” Mọ́tò ṣófo.

“Háà, ẹ̀yin ará Ìlọrin!” Dírẹ́bà ń rẹ́rìn-ín. “Gbogbo yín lẹ ń mú un mọ́ra, tí ẹ ń wojú ara yín?”

“Ìwọ náà ńkọ́?” Alùáájì bi í.

“Èmi? Láti Ìlọrin ni mo ti ń retí ẹni tó máa sọ̀rọ̀!” Òun náà bá sáré lọ.

Mọ́ríámọ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó sì mu omi. A ra wàrà, ìyẹn wàrà líle tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi mílíìkì màlúù ṣe, a jẹ ẹ́ gbígbóná. Ní Jẹ̀bbá, ẹ̀gbọ́n mi fi ẹja odò gbà wá lálejò. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló ké sí dírẹ́bà, kò sì bojú. A dé Ṣàngó ní ìrọ̀lẹ́ láìsí orí fífọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ẹ má gba omi lẹ́nu rẹ̀.