Sàréè Inú Yàrá Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì mọ Mẹ́kà ju orúkọ tí à ń gbọ́ nínú wáàsí lọ, inú ilé là ń sin àgbàlagbà sí nílùú wa. Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Asísíyà ní Mẹ́kà níbí, ó lè yà yín lẹ́nu. Mùsùlùmí ni wá o. A ó wẹ òkú, a ó kírun sí i lára, a ó sì gbé e wọ yàrá, kó wà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìtẹ́ òkú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là sẹ́yìn ìlú, àlejò tí kò lẹ́nì kan là ń sin síbẹ̀.

Òfin òyìnbó kọ sàréè inú ilé. Wọ́n ní ó ń fa àrùn. Nígbà tí bàbá àgbà kú, bàbá mi rọra sin wọ́n sí yàrá ìyá àgbà, wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù ra ilẹ̀ náà títí ó fi jọ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo wa kí a pa ẹnu mọ́. A pa á mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wolé-wolé dé. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó wọ ṣòkòtò kakí péńpé. Ó yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tí ìyá àgbà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọn kò rí àlejò. Wọ́n kúnlẹ̀ láàárín yàrá, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, baálé mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Wolé-wolé dúró. "Ìyá, ta lẹ ń kí?"

Bàbá mi yára dá a lóhùn pé, "Ẹ má wo tiwọn, ọjọ́ ogbó ni."

"Ogbó wo?" ni ìyá àgbà wí. "Ọkọ mi ni mò ń kí. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìyá tìrẹ kì í kí ọkọ ni?"

Wolé-wolé rẹ́rìn-ín, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́pàá dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ìyá àgbà dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ náà. Wọ́n gbé wọn kúrò bí ẹni ká ẹní. Wọ́n hú bàbá àgbà lójú gbogbo wa. N kò ní sọ ohun tí mo rí. Wọ́n gbé òkú wọn lọ sí ìtẹ́ ẹ̀yìn ìlú, sáàárín àwọn tí a kò mọ̀. Kó tó di ìrun Àsárì, ìlú ti dáná sun kóòtù Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Ìyá àgbà kò dúró dè wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó gùn mọ́. Wọ́n ní ẹnu àwọn ló hú ọkọ àwọn. Nígbà tí wọ́n kú, inú ìtẹ́ náà la sin wọ́n sí. Nígbà tí bàbá mi jáde lẹ́wọ̀n, wọn kò lè sùn nínú ilé yẹn. Wọ́n kó wa, a gba ọ̀nà Sùdáánì dé Jẹ́dà, a sì jókòó sí Mẹ́kà.

Nígbà tí mo dé yunifásítì ní Káírò, mo kà á nínú ìwé pé owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe ló mú kí àwọn ènìyàn ìlú wa dìde sí Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni, àwọn náà dùn wá. Ṣùgbọ́n mo wá yàrá ìyá àgbà nínú ìwé náà títí, n kò rí i.

Ayé ti yí padà. Ilé tí a kọ́kọ́ gbé ní àdúgbò Misfalah ní Mẹ́kà ti di hòtẹ́ẹ̀lì. Bàbá mi náà sùn sí Mẹ́kà níbí, láìsí orúkọ lórí sàréè wọn. Ẹ̀sìn ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, n kò ráhùn. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin ní kí n fi sàréè náà han òun. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó fi Lárúbáwá dá mi lóhùn pé kò sí wàhálà, ó sì bu ìrẹsì sí àwo mi. Mo wá ìbínú nínú ara mi, n kò rí i. Odidi ìlú dìde, wọ́n dáná sun kóòtù nítorí sàréè kan nígbà èwe mi. Lónìí, a kò mọ ibi tí tiwa wà, a sì jókòó, à ń jẹun.