Àlùwàlá Àdíját

Ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí gan-an ló máa ń dùn mọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi sin Àdíját, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Ìkòtún, lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìgàndó. Ìtọ̀ tún ti ń ta á. Bó bá lo oògùn, á lọ, á tún padà. Ó gbà pé Jàfárù ọkọ rẹ̀ ló ń kó o wálé láti ìta, ó sì ti lé e sí pálọ̀ tòun ti pílò rẹ̀. Tí àyẹ̀wò bá ti dá ọkùnrin náà lẹ́bi, ó di Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, ilé bàbá Àdíját.

Jàfárù ò jiyàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní kó gbà, ó gbà á. Èmi ò mọ̀ bóyá sùúrù ni àbí ẹ̀bi.

Nọ́ọ̀sì Olúfúnmiláyọ̀ wo èsì àyẹ̀wò. Ó ní kò sí àrùn ìbálòpọ̀ kankan níbẹ̀, kòkòrò tó ń gbé inú ìfun wa náà ló ráyè wọ àpò ìtọ̀.

"Tẹ́ ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìgbà wo lẹ máa ń tọ̀?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀? Mi ò kì í tọ̀ o."

Mo sún àga mi mọ́ wọn.

"Àlùwàlá mi ni, Nọ́ọ̀sì. Ibi tí omi wà jìn, oníbàárà á sì ti jókòó. Èyí tí mo bá ṣe fún Àílà ni mo fi ń kírun Alásárì àti Màgáríbì. Mi ò kì í mumi, kí ìtọ̀ má baà bà á jẹ́."

Ó ń fi yangàn. Èmi gan-an ti máa ń yìn ín fún un, kí n má purọ́.

Nọ́ọ̀sì ní ìtọ̀ ló ń ṣan kòkòrò jáde. Téèyàn bá ń dì í mú, tí kò sì mumi, ńṣe ni wọ́n á máa pọ̀ sí i. "Ẹ bi ááfà yín ṣá. Àwọn náà ò ní ní kẹ́ ẹ máa fi ìtọ̀ há ara kírun."

"Jàfárù wá ńkọ́?" Ohùn Àdíját ti lọ sílẹ̀.

"Kò mọwọ́mẹsẹ̀."

A padà sí Ìkòtún. Àdíját pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ròyìn ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ fún un, ó bẹ̀ ẹ́. Kò tíì di ìrọ̀lẹ́ tí Jàfárù fi gbé kẹ́ẹ̀gì omi ńlá kan dé ṣọ́ọ̀bù Àdíját, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ búútà tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ṣe àlùwàlá. Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró kí n lè gbọ́ dáadáa.

"Ìyá Zikrullah, ṣé kí n gbé pílò mi padà sí yàrá?"

Ẹkún gbọ̀n Àdíját. "Ẹ gbé e padà jàre. Ẹ má bínú."

Oníbàárà tí irun rẹ̀ ti dé ìdajì ní kó wá parí iṣẹ́ òun.

"Ẹ dúró ná," ni Àdíját wí, "mo fẹ́ lọ tọ̀."