Ta Ló Máa Wẹ Màmá?

Tí wọ́n bá ń yin màmá oníṣọ́ọ̀bù níwájú mi báyìí, òṣé ni mo máa ń pa. N ò ní purọ́ fún yín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí màmá ti kú ní Igbó-Ọrà níbí, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ẹnì kan á máa mi orí, á ní, "Èèyàn dáadáa ni màmá yẹn o, a ò tún lè rí irú ẹ̀ mọ́." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹnu tó ń sọ ọ́ ni mo kórìíra.

Télọ̀ obìnrin ni mí. Ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti màmá. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí sì ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. Súgà, mílíìkì, ọṣẹ, kẹrosíìnì, gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ tí ilé ń fẹ́ ló ń tà. Obìnrin tó bá bí ìbejì ládùúgbò, màmá á fún un ní ọṣẹ àti páúdà lọ́fẹ̀ẹ́. Níbòmíràn, oore kékeré nìyẹn. Ní Igbó-Ọrà ńkọ́? Ìlú tí wọ́n ti ń bí ìbejì bí ẹní ń ṣeré! Mo ní, "Màmá, ìlasa tí wọ́n ń jẹ bí ìbejì nílùú yìí máa jẹ ṣọ́ọ̀bù yín run." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún di ọṣẹ mìíràn sínú ọ̀rá.

Ṣùgbọ́n ti ọṣẹ kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù. Òun ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí. Lọ́dọ̀ tiwa, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀: a ó wẹ̀ ẹ́, a ó fi aṣọ funfun dì í, a ó kírun sí i lára, a ó sin ín. Obìnrin ló sì ń wẹ obìnrin. Tí wọ́n bá ti wá pe màmá, á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á mú kànìnkàn, ọṣẹ, kámfọ̀ àti aṣọ funfun nínú ọjà ara rẹ̀, á gun ọ̀kadà, ì báà jẹ́ abúlé oko lápá Ìgàngàn lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá fún un ní nǹkan, á ní kí wọ́n fi ṣe sàárà. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, èmi ni mo ń tẹ̀ lé e tí mo ń bá a da omi.

Ó bẹ àwọn obìnrin ìlú títí kí wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú. Ẹgbẹ́ obìnrin méjì ló wà ní mọ́ṣáláṣí wa, wọ́n sì ń jowú ara wọn bí orogún. Ẹgbẹ́ kìíní ní àwọn ń bọ̀ tí àwọn bá ti ṣe Mọ́lúùdì tán. Wọ́n ṣe Mọ́lúùdì tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìpalẹ̀mọ́ òmíràn. Nínú ẹgbẹ́ kejì, ẹnì kan dìde, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Màmá, ẹni tí ìyá rẹ̀ wà láyé kì í fọwọ́ kan òkú." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ìyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti kú, màmá yìí gan-an ló sì wẹ̀ ẹ́!

Ká má parọ́, ọ̀kan wá. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú, ó ní kí n ya òun ní fọ́tò. Ó gbé e sórí fóònù, àwọn èèyàn ń kọ "Ọlọ́run á san yín lẹ́san" sí i lábẹ́. Kí omi tó gbóná, a ò rí òun, a ò rí báàgì rẹ̀.

"Má bínú sí wọn," màmá sọ fún mi. "Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

"Ẹ̀rù kọ́, màmá," mo ní. "Fáàrí ni."

Ọjọ́ tí màmá fúnra rẹ̀ kú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ ti wà nílé nítorí ara màmá tí kò yá. Lèmọ́mù ní lẹ́yìn ìrun Alásàrí la máa sin ín. Kó tó di ọ̀sán, àgbàlá ti kún. Ẹgbẹ́ kìíní gbé kánópì dé. Ẹgbẹ́ kejì gbé tiwọn dé. Ìjà wá bẹ̀rẹ̀. "Tiwa ni màmá!" "Irọ́ ni, ọ̀dọ̀ wa ló máa ń jókòó sí!" Ìyá Àdínnì, olórí ẹgbẹ́ kìíní, já maikirofóònù gbà, ó ń sunkún, ó ń pe màmá ní òpó ẹ̀sìn. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Tìróò ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ sún kúrò láyè rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ẹgbẹ́ kejì gbé maikirofóònù tiwọn jáde.

Lèmọ́mù jáde sí wọn. Ó ní, "Omi ti gbóná. Ẹgbẹ́ wo ló máa wẹ̀ ẹ́?"

Wọ́n rọra gbé maikirofóònù méjèèjì sílẹ̀.

"Tiyín ni," Ìyá Àdínnì sọ fún ẹgbẹ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló máa ń jókòó sí."

"Háà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé o!"

Ẹ̀yìn ń dun ẹnì kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Obìnrin kan tí àkọ́bí rẹ̀ ti lọ́mọ-ọmọ ní òun ò mọ̀ bóyá òun lóyún. Mo búra fún yín, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ màmá, àgbàlagbà ọkùnrin, dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn nínú erùpẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló máa wẹ ìyá mi?" Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Mo ti ká apá aṣọ mi sókè tipẹ́, àmọ́ èèyàn kan ò lè dá a ṣe. Ẹnì kan á gbé e, á yí i, ẹnì kan á máa da omi. Wọ́n pe obìnrin kan tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ l'Éruwà, ó ní òun wà n'Ìbàdàn. Lèmọ́mù wo òòrùn, ó mí kanlẹ̀. Ó ní bí kò bá sí obìnrin kejì tó máa wọlé, iyẹ̀pẹ̀ la máa fi pa á lójú àti lọ́wọ́ dípò omi, ká gbé e lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá kú sínú aginjù. Orí mi gbóná. Obìnrin tó wẹ ìyá gbogbo wọn! Iyẹ̀pẹ̀! Nínú ilé tí omi kún dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta!

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan dìde létí ògiri. Fúlàní ni, òun ló ń ta wàrà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ó gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Èmi mọ̀ ọ́n wẹ̀. A máa ń wẹ òkú nílé wa."

Ìyá Àdínnì tún rí ohùn. "Kí Fúlàní máa wẹ òkú wa? Lẹ́yìn gbogbo nǹkan tójú wa rí lọ́wọ́ àwọn darandaran ní Ìbàràpá yìí?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Ẹ bọ́ gèlè yín, kẹ́ ẹ wọlé nígbà náà! Omi nìyí! Ẹ wọlé!"

Kò sẹ́ni tó mira. Èmi àti oníwàrà la wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Nígbà tó fẹ́ yí màmá, ó sọ̀rọ̀ sí i jẹ́jẹ́ lédè rẹ̀, bí ẹni ń tọrọ àyè. Èmi ń da omi, mo ń sunkún, mo ń ṣépè fún àwọn tó wà níta lẹ́ẹ̀kan náà. A wẹ̀ ẹ́ mọ́. A dì í. Wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn Alásàrí, wọ́n sin ín. Ẹgbẹ́ méjèèjì sì tún jà lórí ẹni tó máa rìn ṣáájú.

Ọjọ́ kẹta, Ìyá Àdínnì yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò ránṣọ. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Télọ̀, wọ́n ní nǹkan kan wà lára màmá, òun ló mú kó máa fi ìborùn bo àyà. Kí lo rí?"

Ẹni tó bá wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí. Mo dá ẹ̀rọ mi dúró. Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, mo fara balẹ̀ wò ó.

"Ìyá," mo ní, "tó bá kàn yín, ta lẹ fẹ́ kó wẹ̀ yín?"

Ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, tó bá ń kọjá, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi, èmi tó lè bí lọ́mọ, á sì tẹ orúnkún díẹ̀. Òun nìkan kọ́, gbogbo wọn ni. Kódà wọ́n ń ra wàrà báyìí. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì wá kọ́ òkú wíwẹ̀.