Labalábá Inú Àpótí Àǹtí Ṣadé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Fẹ́sítààkì, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú ara ìyẹ́ labalábá máa ń fọ́ni lójú. Ta ló sọ fún wa? Gbogbo àgbà ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Bí labalábá bá bà lé aṣọ tí a sá, màmá mi á ní ká tún un fọ̀, omi inú dúrọ́ọ̀mù ì báà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo bílọ́ọ̀kì wa fi ń fura sí Àǹtí Ṣadé. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, òun nìkan ló ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀, kò lọ́kọ, kò bímọ. Ní ọ̀sán Sátidé, bí a bá jókòó sẹ́yìn ilé tí à ń bó ẹ̀wà àkàrà, a ó rí i tó gbé àwọ̀n kékeré lé èjìká, tó forí lé igbó etí kánààlì. Labalábá ló ń lọ mú. Màmá mi á yọjú láti òkè, á ní, "Kò kúkú ń jẹ wọ́n. Kí ló wá ń fi wọ́n ṣe? Ìfura loògùn àgbà o."

Lọ́jọ́ kan, èmi àti Kẹ́mi àbúrò mi yọ́ wọ yàrá rẹ̀. Òórùn káńfọ̀ gba ibẹ̀ kan. Àǹtí Ṣadé bá wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò bínú, ó ṣí àpótí onígíláàsì kan fún wa, labalábá kéékèèké pupa rúsúrúsú ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó dáadáa."

Lóòótọ́, ọ̀kan ní ìlà funfun lápá, ọ̀kan ní ìrù ṣónṣó, òmíràn ní àmì dúdú tó ń dán bí ojú ológbò. "Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n," ó ní, "ṣùgbọ́n oríṣi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Abẹ́ ewé ni wọ́n ń sá sí. Wọ́n ń fura sí wa ju bí a ṣe ń fura sí wọn lọ." Kẹ́mi na ìka, ó fọwọ́ kan ọ̀kan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ojú Kẹ́mi pọ́n bí ata. Apólò ni, àrùn ojú tó gbòde nígbà náà, ṣùgbọ́n màmá mi kò gbà. Ó ní labalábá Àǹtí Ṣadé ló fà á. Láràárọ̀ ó ń tò wá sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, ó ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú Kẹ́mi, ó sì ń fọ tiwa náà kó má baà ràn wá. Aṣọ ìnujú kan ṣoṣo ló fi ń nu gbogbo wa, Kẹ́mi ló sì ń kọ́kọ́ nù. Àwọn ìyá yòókù ní ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, wọ́n ń kó ọmọ tiwọn náà wá. Ká tó wí, ká tó fọ̀, gbogbo bílọ́ọ̀kì ti di olójú pípọ́n.

Àǹtí Ṣadé gòkè wá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí kálukú ní aṣọ ìnujú tirẹ̀. Apólò máa ń ranni."

Màmá mi wò ó láti òkè délẹ̀. "Aṣọ ìnujú mi ló tún kàn báyìí?"

Àwọn ìyá lọ bá lánlọ́ọ̀dù Àǹtí Ṣadé. Ó ní kí Àǹtí kó labalábá dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó kó jáde. Àǹtí kó jáde. Ó gbé àpótí náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, kò wo òkè. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tí ojú bàbá mi náà pọ́n, tó lọ sí ọsibítù, ọ̀rọ̀ aṣọ ìnujú yẹn ni dókítà náà sọ. Màmá mi ra tuntun fún kálukú wa, ojú wa sì san. Kò dárúkọ Àǹtí Ṣadé mọ́.

Lónìí, ilé ti bo igbó etí kánààlì, kálukú ló ní aṣọ ìnujú tirẹ̀, labalábá sì ti wọ́n. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan bà lé fèrèsé mi, pupa rúsúrúsú. Mo sún mọ́ ọn kí n wò ó bóyá ó ní ìrù. Ọmọ mi obìnrin na ìka sí i. N kò mọ ìgbà tí mo gbá a lọ́wọ́. "Má fọwọ́ kàn án! Yóò fọ́ ẹ lójú!"

Ó wò mí. "Ta ló sọ fún yín, Mọ́mì?"