Ọwọ́ Káfíńtà Tí Wọn Ò Fẹ́ Lára Owó

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn rẹ́, Mowe ni ọkàn mi máa ń sáré lọ, sí ọgbà ilé-ìwé aládàáni kan tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní àwòrán yíyà. Wọ́n ń kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀yìn ọgbà náà nígbà yẹn, eruku pákó a sì máa fẹ́ wọ kíláàsì mi, a bà lé bébà àwọn ọmọ. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni káfíńtà tó ń kan òrùlé ilé náà, ará Ọ̀ṣun kan tó yá yàrá gbé ní Magboro. Ayùn ti gé orí ìka kan lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ọdún náà ni ìjọba kó owó onírin tuntun jáde, ìdìbò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, mo rántí bí mo ṣe gbé náírà méjì sí àtẹ́lẹwọ́, tí mo yí i síwá sẹ́yìn. Ilé àwọn aṣòfin l'Abuja ni wọ́n yà sí i. Nínú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ yìí, odò, àpáta, oko, èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ jẹun, ilé tí àwọn fúnra wọn ń jókòó sí ni wọ́n rí yà. Mo yínmú sí i. Owó ọ̀hún kò tilẹ̀ ra nǹkan kan: láti Ìbàfò títí dé Ifọ̀, bí o bá nà án sí oníṣòwò, á wò ọ́ bí ẹni tó fẹ́ lù ú ní jìbìtì.

Ọnọ́rébù àdúgbò wa, tó ń wá bí yóò ṣe padà sípò, wá kéde ìdíje: kí ọmọ ilé-ìwé ya owó onírin tó wù ú kí Nàìjíríà máa ná. Òun yóò san owó ìdánwò oníwèé mẹ́wàá fún ẹni tó bá gbégbá orókè. Gbogbo wa mọ̀ pé káfíńtà náà kò tíì rí owó yẹn san fún ọmọbìnrin rẹ̀. Bí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ bá kọjá, ọdún kan gbáko ni ọmọ náà máa fi jókòó sílé. Ohun tí ọmọbìnrin náà yà fún ìdíje ni ọwọ́ kan tó di òòlù mú, tí ìka kan kúrú níbẹ̀. Iṣan ọwọ́ náà hàn kedere, mo wò ó títí, inú mi dùn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọnọ́rébù wá yẹ àwọn àwòrán náà wò, ọ̀gbẹ́ni kan tó da lọ́fínńdà sára bí ẹni fi wẹ̀, tí kò sì lè ya igbá sára ògiri.

"Tíṣà, ọwọ́ ta nìyí?" ó bi mí. "Ẹ jẹ́ kó ya ilé aṣòfin, kó gbé fìlà Ọnọ́rébù lé e lórí. Wọ́n máa mú un."

Mo pe ọmọ náà, mo sọ ọ́ fún un. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Àwọn tó ń gbé inú ilé yẹn kọ́ ló kọ́ ọ."

Èmi wá ṣe ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ kẹ́gàn wọn. Mo ya ilé náà fúnra mi, mo gbé fìlà lé e, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́lẹ́ bíi ti Ọnọ́rébù, mo kọ orúkọ ọmọ náà sábẹ́ rẹ̀, mo sì fi í ránṣẹ́ dípò tirẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé àánú ni.

Lọ́jọ́ ìdíje, Ọnọ́rébù dé pẹ̀lú àpò owó onírin, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fọ́n ọn sáàárín èrò bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fádìyẹ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Wọ́n gbé àwòrán mi sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pe ọmọ náà. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ ṣé, sà. Èmi kọ́ ni mo yà á. Ọwọ́ dádì mi ni mo yà."

Ọnọ́rébù rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ẹ̀bùn náà fún ọmọ mìíràn tó ya òun látorí fìlà dé bàtà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá ọmọ náà. Orí òrùlé ni mo bá a. O mọ̀ pé àwọn káfíńtà a máa fi ìdérí ìgò tí wọ́n lù pẹlẹbẹ sábẹ́ ìṣó páànù, kí omi má bàa gba ojú ìṣó wọlé. Ìdérí ìgò ti tán lọ́wọ́ tirẹ̀. Owó onírin tí wọ́n fọ́n ká ló ṣà, ó ti lu ihò sí wọn, ó sì ń kan ìṣó gba àárín ilé aṣòfin kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má ṣèyọnu, tíṣà," ó ní, kò gbójú sókè. "Ọmọ mi ṣe dáadáa. Mo ti ta máṣíìnì ìfági mi, ó máa ṣe ìdánwò yẹn." Ó mú ọ̀kan nínú àwọn owó náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ilé yìí náà ti wúlò. Kò ní jẹ́ kójò pa àwọn ọmọ."

Ọmọ náà yege. Ọnọ́rébù wọlé ìbò, a kò sì fojú kàn án mọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, abẹ́ òrùlé yẹn ni mo ti ń kọ́ kíláàsì mi, ẹ̀kán omi kan kò sì kán sí wa lára. Mo ṣì máa ń yínmú bí mo bá rí ibi tí àwọn ìjọba ti ya ara wọn sára owó, ṣùgbọ́n n kì í pẹ́ nídìí ẹ̀gàn yẹn mọ́. Ọwọ́ káfíńtà tí ìka rẹ̀ kúrú kò ṣe iṣẹ́ èké fún ẹnikẹ́ni. Tèmi, tí ìka rẹ̀ pé márààrún, òun ló ya fìlà yẹn.